Rìsíìtì fún Àlejò, Àdúrà fún Ọmọ Ilé

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Ràhmát Ọdúnjọ máa ń sọ tó máa ń bí mi nínú. "Kò burú." Bí òjò bá ká ẹja rẹ̀ mọ́ orí ààrò, kò burú. Bí oníbàárà bá kó ẹja lọ láwìn tí kò yọjú mọ́, kò burú. Lọ́dún tí ọkọ rẹ̀ kú, tó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ fún un, mo lọ kí i, èmi ni mo ń sunkún, òun ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún. "Kò burú, Tísà. Ọlọ́run ń bẹ." Ó ti pẹ́ tí mo ti pinnu pé lọ́jọ́ tí mo bá máa kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Èmi àti òun la jọ bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Lákọ̀wé. Orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ìṣirò tí mo ń jí wò lára síléètì rẹ̀ ló gbé mi dé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Nígbà tí a wà ní kíláàsì karùn-ún ni bàbá rẹ̀, tó jẹ́ apẹja lórí ọ̀sà, kú, ìyá rẹ̀ sì mú un kúrò nílé-ìwé kó wá máa bá òun yan ẹja. Bí èmi ṣe di tísà nìyẹn, tí òun di ẹlẹ́ja. Gbogbo abúlé ló ń pè mí ní Tísà, òun náà sì ń bá wọn pè mí bẹ́ẹ̀.

Abúlé Ọdúnjọ ni abúlé wa ń jẹ́. Orúkọ bàbá ńlá rẹ̀ nìyẹn. Ẹbí rẹ̀ ló ni ilẹ̀ láti etí ọ̀sà títí kan ibi tí títì ńlá gbà lónìí. Bàbá tèmi wá tẹ̀dó síbẹ̀ láti ọ̀nà Ìjẹ̀bú ni, wọ́n fún un níbi tó máa kọ́ ilé sí, ó dúpẹ́, ó sì jókòó jẹ́ẹ́. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀ ẹbí Ọdúnjọ, ẹ mọ̀ pé ẹni tó ń gbé láàárín wọn ni mí, n kì í ṣe ara wọn.

Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ ọ̀nà márosẹ̀ Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, ariwo kátakàta kò jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ara wa mọ́. Àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé tọ̀ wá, tòwúrọ̀ tìrọ̀lẹ́. Ẹbí Ọdúnjọ ń tà. Bí wọ́n bá ti tà, wọ́n á pín owó náà ní ìdí-igi, ìyẹn ni pé iye ìyàwó tí bàbá ńlá ní ni wọ́n á fi pín in, kí ìdí-igi kọ̀ọ̀kan tó wá lọ fọ́ tirẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Nígbà tó bá máa fi dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin, kò ju owó aṣọ ìró kan lọ. Àwọn ọkùnrin ra ọ̀kadà. Wọ́n fi páànù tuntun bo ilé. Wọ́n sìnkú bàbá tó ti kú láti ọdún méjìlá lẹ́ẹ̀kejì. Ọdún kan kò pé, ọ̀kadà ti bàjẹ́, ilẹ̀ ti lọ, wọ́n á tún wá òmíràn tà. Mo ń wò wọ́n, inú ń bí mi, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ lẹ́nu ọmọ ẹni tó wá tẹ̀dó?

Ràhmát nìkan ló ronú síbi tí mo ń ronú sí. Ó ní, "Tísà, n kò fẹ́ owó ìpín. Ilẹ̀ ni mo fẹ́." Púlọ́ọ̀tì kan péré. Ohun tó fẹ́ fi ṣe kò lọ́jú pọ̀. Nígbà tí ẹja bá pọ̀ lọ́sà, ẹja máa ń pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó ń rà á. Nígbà tó bá wọ́n, òwò kò ní sí. Bó bá ní ilé tirẹ̀ tó lè fi yàrá òtútù ńlá sí, yóò máa ra ẹja pamọ́ lásìkò tó pọ̀, yóò máa tà á lásìkò tó wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe bọ́ lọ́wọ́ òní-ó-wà-ọ̀la-ò-sí. Ọdún mẹ́rin ló fi dá àjọ. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fẹ ọ̀nà ló ń jẹ ẹja rẹ̀ lọ́sàn-án, gbogbo èrè tó bá jẹ lórí wọn ló ń gbé fún alájọ.

Ẹ wá gbọ́ nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tó ra ilẹ̀ náà, ní ọdún 2009. Ojú mi ló ṣe.

Bàbá Akínọ̀ṣọ́ ni olórí ẹbí nígbà náà. Àbúrò bàbá Ràhmát ni wọ́n, èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n sì ń ṣe. Wọ́n ní kí Ràhmát san iye tí ará ìta ń san, kí àwọn ìdí-igi tó kù má baà sọ pé àwọn fi ilẹ̀ ẹbí ta ọmọ ẹ̀gbọ́n àwọn lọ́rẹ. Ó san án pérépéré. Lọ́jọ́ kan náà, Ọ̀gbẹ́ni Akíndàmọ́lá àti ìyàwó wọn wá láti Thomas Estate, níbi tí wọ́n ń háyà ilé. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n ń ṣe ní Victoria Island. Àwọn náà ra púlọ́ọ̀tì kan, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ràhmát gan-an. Owó kan náà ni wọ́n san.

Habeeb, ọmọ Bàbá, mú ìwé rìsíìtì ẹbí jáde, ó kọ ọ́ fún Ọ̀gbẹ́ni Akíndàmọ́lá, Bàbá tẹ òǹtẹ̀ sí i. Lọ́yà tó tẹ̀ lé wọn wá tẹ́ ìwé àdéhùn sílẹ̀ lórí tábìlì, ó ń béèrè ẹni tó ni ọ̀tún, ẹni tó ni òsì, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n fọwọ́ sí i, ó parí. Ó wá kan Ràhmát. Bàbá mú obì, wọ́n là á, wọ́n gba àdúrà fún un tó gùn bí ìwáásù. Wọ́n ní ilẹ̀ náà á gbè é. Wọ́n ní yóò kọ́lé alájà, yóò sì bímọ sí i, bẹ́ẹ̀ ọkọ rẹ̀ ti kú. A ṣe àmín. Lẹ́yìn náà a lọ gbin peregún sí ààlà.

Nígbà tí a padà dé, Ràhmát kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣeun. Rìsíìtì tèmi ńkọ́?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. "Rìsíìtì kẹ̀? Ràhmát, ṣé àlejò ni ọ́ ni? Àlejò là ń kọ rìsíìtì fún, nítorí a ò mọ ilé bàbá ẹ̀. Ta ló máa wá bi ọ́ léèrè ilẹ̀ nínú ilé bàbá ẹ? Tí àwọn èèyàn bá gbọ́ pé a tẹ òǹtẹ̀ fún ọmọ wa, kí ni wọ́n máa pè wá?"

Ràhmát tún lanu. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Èmi ni mo fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ pé kó dákẹ́. Ojú ń tì mí nítorí rẹ̀. Mo rò ó pé yóò dà bíi pé kò fọkàn tán àwọn bàbá rẹ̀, lójú àlejò. Báírò wà lápò mi, torí ìyàwó Ọ̀gbẹ́ni Akíndàmọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ yá a lọ́wọ́ mi tán ni. Títí dòní, bí mo bá rántí ẹsẹ̀ tí mo tẹ̀ yẹn, mo máa ń bú ara mi.

Ràhmát dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. "Kò burú," ni ó wí.

Owó kan náà, ilẹ̀ kan náà, ọjọ́ kan náà. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, torí àwọn kan wà tí wọ́n máa ń wá sí ẹ̀bá títì wa, tí wọ́n á wo ilé àwọn ará ẹ̀sítéètì, tí wọ́n á wo ilé tiwa, tí wọ́n á ní ọ̀lẹ ni ọmọ onílẹ̀, onínàákúnàá ni wọ́n. Onínàákúnàá pọ̀ nínú wọn lóòótọ́, mo ti sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ràhmát kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn.

Ọ̀gbẹ́ni Akíndàmọ́lá gbé ìwé wọn lọ sí báńkì, báńkì yá wọn lówó. Láàárín ọdún méjì wọ́n ti kọ́ ilé alájà kan, wọ́n kó wọlé. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í dé sí Ìbẹ̀jú tí ilẹ̀ gbówó lórí, ìwé kan náà ni wọ́n tún gbé lọ, wọ́n fi kọ́ ilé mìíràn tí wọ́n fi ń gba owó ilé. Ìwé yẹn náà ló rán ọmọ wọn lọ sókè òkun. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, n kò ní bú wọn. Ọ̀dọ̀ Ràhmát ni wọ́n ti ń ra ẹja, wọn kì í sì í ná an jù.

Ràhmát kò gbé nǹkan kan lọ síbì kankan, torí kò ní nǹkan tó lè gbé. Búlọ́ọ̀kù mẹ́wàá lóṣù yìí, márùn-ún lóṣù tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ́ yàrá mẹ́rin lọ́dún mẹ́sàn-án, tó fi wọ́n háyà fún àwọn bíríkìlà tó ń kọ́ ilé sí ẹ̀gbẹ́ pápá gọ́ọ̀fù. Owó ilé yẹn ni ó fi ń sanwó ilé-ìwé àwọn ọmọ. Yàrá òtútù kò tíì ṣeé ṣe. Mo wá gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ yáwó.

Báńkì kékeré kan ní Ajah la lọ. Ọmọbìnrin tó dá wa lóhùn kò ju ọmọ mi àbíkẹ́yìn lọ, ó sì níwà. Ó ní, "Mummy, business yín dára gan-an. Collateral ńkọ́? Ẹ ní ìwé ilẹ̀?"

Ràhmát ní, "Mo ní ilẹ̀. Peregún wà níbẹ̀."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mummy, a ò lè kó peregún sínú fáìlì o."

Àwọn tó wà lẹ́yìn wa rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Mo fẹ́ bínú sí wọn, àmọ́ kí ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn? Nígbà tí a ń padà bọ̀, mo ní kó lọ bá Bàbá Akínọ̀ṣọ́, kó má ṣe kúnlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, kó béèrè ìwé rẹ̀ lórí ìdúró. Ó lọ. Ó kúnlẹ̀. Ara Bàbá kò yá mọ́, wọ́n ní kó má ṣe ìyọnu, kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n ní Habeeb kò sí nílé. Lọ́sẹ̀ kẹta wọ́n bi í bóyá òun ni kò fọkàn tán àwọn tàbí tísà yẹn ló ń kọ́ ọ. Kí oṣù náà tó parí, Bàbá kú.

"Kò burú," ni Ràhmát sọ fún mi nílé òkú. Mo kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí bí mo bá dúró, n ó sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ nílé òkú.

Ọdún 2024 ni ó wá dé góńgó. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni Ràhmát jí rí i pé wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára yàrá rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Habeeb, tó ti di akọ̀wé ẹbí, tó sì ń ṣe gbogbo ètò ilẹ̀ bó ṣe wù ú, ti bá ilé-iṣẹ́ kan tó ń kọ́ ẹ̀sítéètì ṣàdéhùn lórí gbogbo ilẹ̀ tó kù láàárín abúlé àti títì. Ilẹ̀ Ràhmát wà nínú rẹ̀. Ilé Akíndàmọ́lá kò sí níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà rí ìwé wọn, wọ́n sì fi ààlà yí i ká.

Wọ́n pe ìpàdé ẹbí ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Mo tẹ̀ lé Ràhmát lọ. Habeeb ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ gbogbo.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Company yẹn máa san owó búlọ́ọ̀kù àti páànù fún yín. Owó ilẹ̀ ti gbogbo ẹbí ni, ẹ ó gba ìpín yín ní ìdí-igi yín."

Ràhmát ní, "Habeeb, mo ra ilẹ̀ yẹn. Ojú rẹ ló ṣe. Ìwọ lo mú ìwé rìsíìtì jáde lọ́jọ́ náà."

"Àǹtí, mi ò ní ẹ ò rà á. Document ni wọ́n ń béèrè. Rìsíìtì yín dà?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dìde. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ojú ò tì ọ́! Ẹ̀yin tí ẹ fi rẹ́rìn-ín nígbà tó béèrè fún un!" Mo sọ gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀, láti orí obì dé orí peregún. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ abúlé yẹn, mo kọ́ Habeeb fúnra rẹ̀ ní á-bí-dí. Nígbà tí mo parí, àgbà kan nínú wọn ní, "Tísà, a gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni yín, ẹ ò sì sí nínú ẹbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó." Mo jókòó.

Ìgbà yẹn ni mo rántí lọ́yà ọjọ́sí, bó ṣe ń béèrè ẹni tó ni ọ̀tún, ẹni tó ni òsì. N kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Mo rìn lọ sílé Ọ̀gbẹ́ni Akíndàmọ́lá, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń jẹun, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi wo ìwé ilẹ̀ wọn. Wọ́n gbé e wá. Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un wọ̀, mo ń dúró. Ojú ìwé kejì ló wà. Ní apá òsì, ilẹ̀ náà bá ilẹ̀ tí Ràhmát Ọdúnjọ rà lọ́wọ́ ẹbí Ọdúnjọ pààlà. Orúkọ Bàbá Akínọ̀ṣọ́ àti ti Habeeb wà nísàlẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí i.

Ọ̀gbẹ́ni Akíndàmọ́lá kò parí oúnjẹ wọn. Wọ́n wọ bàtà, wọ́n tẹ̀ lé mi.

Ẹ ò rí bí ìpàdé yẹn ṣe yí padà. Gbogbo wọn dìde fún wọn. Wọ́n gbé àga tó dára jù fún wọn, wọ́n bu omi tútù. Wọ́n ka ìlà kan ṣoṣo yẹn sókè, Habeeb gba ìwé náà, ó wo ìfọwọ́sí ara rẹ̀, ó sì ní, "Ó dáa, ó ti yé wa." Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Àgbà tó ní kí n jókòó ń mi orí pé òun náà rántí dáadáa báyìí. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí inú mi dùn. Inú mi kò dùn rárá. Obìnrin yìí ti gbé ìgbé ayé rẹ̀ gbogbo lójú wọn, kò sì sí ẹni tó gbà á gbọ́ títí tí àlejò fi wá jẹ́rìí rẹ̀ fún wọn nínú ilé bàbá rẹ̀.

Kò tíì parí síbẹ̀. Habeeb ní ilé-iṣẹ́ yóò fi ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bó bá ní rìsíìtì, pé àwọn yóò kọ ọ́ fún un lónìí, ṣùgbọ́n owó ìwé wà, iye tí gbogbo àlejò ń san. Iye owó ilé tí Ràhmát ń gbà lórí yàrá rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́dún kan ni. Ó rán ọmọ rẹ̀ nílé, wọ́n kó o wá. Ó ní kí wọ́n kọ ọjọ́ tó ra ilẹ̀ sí i, ọdún 2009. Habeeb ní kò ṣeé ṣe, ọjọ́ òní ni wọ́n lè kọ. Nínú ìwé, Ọ̀gbẹ́ni Akíndàmọ́lá ti ní ilẹ̀ láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìyẹn ni pé ọjọ́ Àìkú yẹn ni Ràhmát, ọmọ Ọdúnjọ, ṣẹ̀ṣẹ̀ di onílẹ̀ ní Abúlé Ọdúnjọ, lẹ́ni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta.

Nígbà tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ tán, wọ́n gbé obì wá. Nínú ẹbí yẹn, àlejò tó ra ilẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fún lóbì, lẹ́yìn náà àwọn ọkùnrin ilé, àwọn obìnrin ilé ló máa ń kẹ́yìn. Ó ti ń gba obì ìkẹyìn láti kékeré. Habeeb gbé àwo náà, ó kọjá lọ́dọ̀ àwọn àgbà, ó sì lọ bẹ̀rẹ̀ níwájú Ràhmát. Ràhmát wo obì náà. Ó mú awẹ́ kan, kò jẹ ẹ́, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀. Habeeb bẹ̀rẹ̀ àdúrà, Ràhmát na ọwọ́ sí i pé kó dúró.

"Ó tó, Habeeb. Ẹ ti gbàdúrà ti ọdún yẹn." Ó yíjú sí mi. "Tísà, bá mi ka ìwé yẹn kí n gbọ́."

Mo kà á. Mo ka orúkọ rẹ̀, mo ka iye owó, mo ka ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i. Ó gbà á, ó ká a, ó fi sínú ọ̀rá ẹja tó mọ́, ó fi sí àyà. A jáde. A gba ẹ̀gbẹ́ peregún kọjá, ó ti ga ju orí wa lọ. Mo ń retí ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ. Mo ti ń múra bí n ó ṣe dá a lóhùn.

Ó dúró, ó gbá ewé peregún kan mú.

"Ó burú, Tísà," ni ó wí. "Ó burú gan-an ni."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a jọ ń lọ sílé.